Àmì Méjì Lára Àáké Asahẹli

Ní abúlé wa, Síkámórè létí odò Wábáṣì, kò sí ilé tí Mehetabẹli kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìkọ́ tí ìkòkò fi ń rọ̀ lókè iná, ìdè ilẹ̀kùn, ìṣó, bàtà irin tí màlúù ń wọ̀ kó má baà yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, gbogbo rẹ̀ ló ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, odindi ọdún mẹ́sàn-án la fi ń pè é ní ìyàwó alágbẹ̀dẹ. Ojú wa ni kò ríran, èmi náà sì wà lára àwọn afọ́jú ọ̀hún.

Asahẹli, ọkọ rẹ̀, ni à ń pè ní alágbẹ̀dẹ. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn bí oyin. Bí wọ́n bá ń rọ àáké, òun á fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú lórí owú, á fi òòlù kékeré kan ibi tó fẹ́ kí wọ́n lù. Mehetabẹli á wá gbé ọmọ owú ńlá sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Kó! Gbàà! Kó! Gbàà! Ohùn yẹn ló ń jí wa láràárọ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, Asahẹli á lu àmì rẹ̀ sí ẹ̀yìn àáké, ẹsẹ̀ ẹyẹ kékeré kan, àwọn ọkùnrin á sì máa fọ́nnu pé, "Àáké ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ kì í fọ́!" Kò sẹ́ni tó béèrè pé apá ta ló lù ú.

Ibà odò pa Asahẹli nígbà tí igi ń wọ́wé. Mehetabẹli fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó dá iná àgbẹ̀dẹ. Àwọn kan ní ojú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ilé àti àgbẹ̀dẹ wọn wà, abúlé ló fi fún wọn, àdéhùn ibẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀: ọjọ́ tí kò bá sí alágbẹ̀dẹ tó tó gbangba á sùn lọ́yẹ́ níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ yóò padà sọ́wọ́ abúlé, a ó sì fi pe ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ yẹn náà ni a sin Asahẹli sí.

Mehetabẹli rọ àmì tirẹ̀, hóró àgbàdo mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan. Bàbá Obadiah, olórí abúlé, rí i, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ṣebí o lè máa lu ti ọkọ rẹ, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni àwọn èèyàn mọ̀."

"Bàbá, òkú kì í rọ àáké," ni obìnrin náà fèsì. "Bí mo bá ṣe é re, èmi ni kí ẹ yìn. Bí mo bá bà á jẹ́, kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bú."

Kò pẹ́ tí ẹni tó fẹ́ bú u fi dé. Òtútù tó mú lọ́dún náà, a kò rí irú rẹ̀ rí. Karoláínà, ní gúúsù lọ́hùn-ún, ni ọ̀pọ̀ wa ti wá, oòrùn kì í jìnnà síni níbẹ̀. A rò pé a mọ òtútù, àfi ìgbà tí odò dì gbagidi tí ẹyẹ ń kú já bọ́ látorí igi. Lọ́jọ́ kan, Lọ́nsìfọ́dì, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì lo ọdún kan láàárín wa, já wọ àgbẹ̀dẹ, ó sọ àáké sórí owú. Bàbá Obadiah àti bí ọkùnrin mẹ́fà tẹ̀ lé e. Àmì hóró àgbàdo ló wà lára àáké náà, ẹnu rẹ̀ sì ti já, ihò tó wà níbẹ̀ gba àtàǹpàkò méjì.

"Ẹ wá wò ó o!" ni Lọ́nsìfọ́dì ń pariwo. "Mo kàn fi sọ igi híkórì ni, ló bá fọ́ bí àwo! Mo ti ń sọ ọ́ pé kí obìnrin yìí lọ máa din ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ kì í fọ́!"

"Rọra, ọmọ yìí, etí mi ò di," ni Mehetabẹli wí.

Ó gbé àáké náà síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo ojú ibi tó ti já. Irin rírọ̀ ni ara àáké, irin líle ni wọ́n ń jó mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ojú ibi tí òun ti jó o pọ̀ ló ṣí, a jẹ́ pé ẹ̀bi òun ni, kò sí àwáwí. Kò ṣí rárá. Irin líle fúnra rẹ̀ ló já.

"Níbo ni àáké yìí sùn mọ́jú?"

"Sùn kẹ̀? Ìdí igi tí mo ń gé ló wà. Àbí kí n gbé e sáàárín èmi àti ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Inú ìyàwó ẹ ì bá dùn," ni Mehetabẹli dáhùn. "Àáké kì í hanrun."

Ẹ̀rín náà di ìlọ́po méjì, Lọ́nsìfọ́dì sì pọ́n lójú. Mehetabẹli wá là á yé wọn pé agégi ni bàbá tó bí òun, lókè àríwá lọ́hùn-ún, àti pé nígbà òtútù, bàbá náà kì í fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ kó tó gbé àáké rẹ̀ yá iná lẹ́bàá ààrò. Ó ní òtútù tó bá le tó báyìí a máa mú kí irin líle fọ́ bí ìkòkò.

"Àwáwí!" ni Lọ́nsìfọ́dì wí.

Bàbá Obadiah họ orí. "Mehetabẹli, a ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kan wà lókè odò tó ń wá ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Bí àáké bá ń fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú igbó, ṣé eyín la ó fi gé igi ìdáná?"

Mehetabẹli gbójú sókè wo ògiri, níbi tí àáké Asahẹli wà. Kò sẹ́ni tí kò mọ àáké yẹn. Òun la fi gé igi àkọ́kọ́ tí a gé ní Síkámórè. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ gbà pé èyí kì í fọ́?"

"A gbà!" ni gbogbo wọn wí.

"Ẹ gbé e lọ. Kó sùn sínú yìnyín níta ilé Bàbá Obadiah. Èyí tí mo rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá yóò sùn lẹ́bàá ààrò wọn. Lọ́la, kí Lọ́nsìfọ́dì fúnra ẹ̀ fi méjèèjì gé igi híkórì kan náà. Bí ti Asahẹli ò bá fọ́, màá kó ẹrù mi lọ."

Bí wọ́n ṣe gbé àáké náà jáde, Mehetabẹli tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó kù fún un lára ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ó fẹ́ kó fọ́, kí ilé má baà bọ́ lọ́wọ́ òun; kò sì fẹ́ kó fọ́ rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé ló jáde, tó fi dé orí àwọn abiyamọ tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ọmọ. Èyí tó sùn lẹ́bàá ààrò ni Lọ́nsìfọ́dì kọ́kọ́ gbé. Ogún ìgbà ló fi sọ igi, èérún ń fò, ẹnu àáké kò yingin. Ó gbé ti Asahẹli. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí nǹkan. Ẹnìkan pariwo pé, "Ẹlẹ́sẹ̀ ẹyẹ!" Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, a gbọ́ táú! Nǹkan kan fò gba ẹ̀gbẹ́ etí Bàbá Obadiah kọjá, ó wọnú yìnyín lọ. Ihò tó wà lẹ́nu àáké náà àti ti Lọ́nsìfọ́dì jọ ara wọn bí ìbejì.

Mehetabẹli kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá èérún irin náà nínú yìnyín títí tó fi rí i, ó sì fi í sápò. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Lọ́nsìfọ́dì ṣí fìlà. "Ìyá, ẹnu mi ló yá jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Kí ni ará Karoláínà mọ̀ nípa òtútù? Wá bá mi fẹ ẹwìrì."

"Kí a gbé àáké náà padà sára ògiri bó ṣe wà," ni Bàbá Obadiah dá a lábàá, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Fún ìrántí rẹ̀."

"Bàbá, Asahẹli ò rọ àáké kí wọ́n máa wò ó."

A há gádígádí sínú àgbẹ̀dẹ. Mehetabẹli ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, nítorí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni àwọ̀ iná ti ń hàn. Lọ́jọ́ náà ni a tó wò ó dáadáa. Ó gé irin tó já kúrò, ó fi irin líle mìíràn há a lẹ́nu, ó wọ́n iyanrìn sí i kí méjèèjì lè jó pọ̀, ó sì jẹ́ kí iná mú un títí tó fi funfun tó ń ta pàrà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di ẹ̀mú mú, ọ̀tún gbé òòlù. Kò sí òòlù kékeré tó ń júwe mọ́. Gbàà! Gbàà! Gbàà! Ó rì í bọ omi, ó fi òkúta yún ẹnu rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó tún gbé e sún mọ́ iná, ó ń wo àwọ̀ tó ń rìn lórí irin náà. Ó dà bí koríko gbígbẹ, ó dà bí idẹ, nígbà tó fẹ́ máa dúdú bí èso àjàrà, ó rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé òtútù ń mú mi.

Bàbá Obadiah gba àáké náà, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò. "Kí ẹni òkè odò yẹn jókòó síbi tó wà," ni ó wí. "A ti ní alágbẹ̀dẹ."

Mehetabẹli gbà á padà. Ó mú irin àmì rẹ̀, ó sì lu hóró àgbàdo mẹ́ta sí ẹ̀yìn àáké, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ gan-an.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Obadiah wí. "Ẹnu tuntun, àmì tuntun."

"Rárá o, Bàbá. Lọ́jọ́ tí a rọ àáké tí ẹ fi gé igi àkọ́kọ́, Asahẹli ló di ẹ̀mú mú." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá ọ̀tún sí wa lójú. "Apá tó gbé ọmọ owú rèé. Ọdún mẹ́sàn-án ni àmì yìí fi pẹ́ dé."