Ògiri Funfun Tí Màlúù Lá

Mo rántí òórùn ẹfun tútù nínú yàrá méjì tí bàbá mi yà fún mi ní Kíkà, ní àwọn ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, wọ́n ń pè mí ní métìrì, mo sì rò pé oyè náà ga ju òrùlé ilé wa lọ. Ọmọ Tchaourou ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ ti gbà, ìyá rẹ̀ ti gbà, ó wá ku àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé wọn ń pè ní Tàtá. Lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá wo yàrá tí ìyàwó yóò máa sùn. Bí yàrá náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbéyàwó lè di ọdún mìíràn, ó sì lè má wáyé mọ́ rárá. Tàtá ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ilé amọ̀ ni ilé wa. Àwọn obìnrin a máa se èèpo èso igi irú títí omi rẹ̀ yóò fi dúdú bíi kọfí, wọn a fi pa ògiri, wọn a sì máa fi òkúta wẹ́wẹ́ rà á títí yóò fi máa dán bí awọ ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para. Ìyá mi ti ṣa èèpo jọ, ó ti bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti dé Kutọnú lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ márùn-ún péré, mo sì ti rí sàlọ́ọ̀n, ìyẹn yàrá àlejò, ọ̀gá kan níbẹ̀: ògiri funfun, aṣọ lójú fèrèsé, tábìlì kúkúrú tí òdòdó wà lórí rẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé ayé èèpo irú ti kọjá, pé sàlọ́ọ̀n òde òní ni mo fẹ́. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.

Owó oṣù métìrì kò lè ra ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni rédíò ń sọ fún wa pé ká gbójú lé agbára ara wa, èmi sì gbọ́ ọ bí ẹni pé sàlọ́ọ̀n mi ni wọ́n ń bá wí. Mo fi àpò fúláwà rán aṣọ fèrèsé. Mo fọ̀ ọ́ títí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kò lọ. Àpótí ọṣẹ ni mo dà délẹ̀ ṣe tábìlì, mo sì fi ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi gé òdòdó sínú agolo mílíìkì. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ òdòdó náà yóò rí ìṣirò tí mo ti fi yíǹkì pupa fagi lé. Ní ti ògiri, mo lọ wa ẹfun létí odò láti fi kùn ún nínú àti níta. Bíríkìlà kan sọ fún mi pé kí n bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i kó lè lẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo kàwé, mo ní bí ẹ̀kúnwọ́ kan bá ń mú un lẹ̀ fún ọdún kan, abọ́ mẹ́ta yóò mú un lẹ̀ títí ayé.

Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè sára ògiri ni?"

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Tàtá dé nínú aṣọ aró dúdú, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri mi, ó sì wo fèrèsé.

"Kílò àádọ́ta," ni ó kà. "Kílò kí ni?"

"Fúláwà ni, Tàtá."

"O wá fi bo fèrèsé."

Kí n tó fèsì, a gbọ́ ìró ohun kan tó ń ha níta, bí ìgbà tí èèyàn ń fi nǹkan líle rin gbáàgúdá. Aṣọ fèrèsé mì, orí màlúù kan sì yọ wọlé lábẹ́ kílò àádọ́ta náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn Fúlàní ti ń da ẹran wọn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà tí mo fi máa sáré jáde, màlúù méje ti tò sí ìdí ògiri mi, wọ́n ń lá a, amọ̀ pupa sì ti ń yọ.

"Métìrì, ẹ má bínú," ni darandaran wí. "Láti etí odò ni wọ́n ti gbóòórùn rẹ̀. Mo nà wọ́n, wọn ò gbọ́."

Mo na ọwọ́ láti ti èyí tó sún mọ́ mi. Ó yíjú, ó sì lá ọwọ́ náà.

Nígbà tí mo padà wọlé, Tàtá ti dìde. Gbogbo ẹ̀yìn aṣọ aró rẹ̀ ti funfun bí ẹni tó sùn sínú ẹ̀lùbọ́. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ìyàwó ti lọ nìyẹn. Tàtá fi ìka ra ògiri, ó fi kan ahọ́n.

"Iyọ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di àpótí ọṣẹ mi mú.

"Ọkùnrin tó ń fi ògiri ilé rẹ̀ bọ́ màlúù onímàlúù," ni ó wí, "ebi ò ní pa ọmọ wa lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó wá yíjú sí ìyá mi. "Ṣùgbọ́n mi ò ní mú un wá sínú abọ́ iyọ̀ o. Èèpo irú yín ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé," ni ìyá mi fèsì. "Láti ọjọ́ tó ti dárúkọ sàlọ́ọ̀n ni mo ti rẹ ẹ́ sómi."

Tàtá kò lọ títí di ọjọ́ Ajé. Àwọn obìnrin ha ẹfun mi dànù, wọ́n pa ògiri, wọ́n rà á, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún èmi ni omi pípọn. "Métìrì, omi ti tán," ni wọ́n ń wí, n ó sì tún gbé garawa.

Ilé bulọ́ọ̀kù la ń gbé báyìí ní Tchaourou, òjò kì í rọ̀ tán kí ọ̀dà rẹ̀ má ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dé Kíkà, mo máa ń wọ yàrá àtijọ́ náà. Ògiri rẹ̀ ṣì ń dán. Níta, lábẹ́ fèrèsé, kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára ògiri níbi tí ahọ́n màlúù ti jẹ amọ̀. Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí wọ́n dí i. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lóṣù tó kọjá, a jókòó síbi oúnjẹ, mo sọ fún un pé sàlọ́ọ̀n wa ti di ti àtijọ́, pé mo ti ní èrò kan tí kò ní náni lówó púpọ̀. Ó dìde, ó gbé abọ́ iyọ̀ wá síwájú mi, ó sì padà jókòó. Mo bu díẹ̀ sí ọbẹ̀ mi, mo sì ń jẹun mi lọ.