Òùngbẹ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn lọ́fínńdà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ọ̀rẹ́ mi. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lẹ́kkí ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí, ẹ̀rọ amúlétutù wọn sì ń fẹ́ wa bíi pé ẹja tútù la jẹ́. Dókítà ibẹ̀ ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Lọ́fínńdà rẹ̀ á ti wọlé kí òun tó wọlé. Ọgbọ́n nìkan ni kì í bá a wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo gbé lọ, aránṣọ ni wọ́n ní Awoyaya. Jẹjẹrẹ ti gba ọmú òsì lọ́wọ́ wọn ní ọdún mélòó kan ṣáájú, a sì ti dúpẹ́ pé ó tán. Àfi bí òùngbẹ ṣe dé. Wọ́n á mu píọ̀ wọ́tà kan tán, wọ́n á tún fi eyín ya òmíràn; kí wọ́n tó gbé e mì tán, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n wọ́n. Orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e síbẹ̀ ni.

"Ṣúgà ni," dókítà náà wí, fóònù lọ́wọ́. Àyẹ̀wò dé, kò sí ṣúgà. Ojú ò tì í. "Á jẹ́ pé ìrònú ni, Màdámù. Ẹ lọ sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà, jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe mí rí o."

"Ìyẹn ti kọjá. Ṣé ọmú lẹ fi ń mu omi ni?" Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀.

Mo mọ àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, tí wọ́n tún búra lé e. Kódà àwọn yẹn máa ń wo ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Eléyìí ò wò wá lójú rárá.

Nígbà tí ìpéǹpéjú wọn ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bo ojú, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà obìnrin àgbàlagbà kan gbọ́ ẹjọ́ wọn tán kó tó gbé bírò. Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn, wọn ò rí i. Ó ní ká lọ ya àwòrán inú orí. Àwòrán náà fi hàn pé jẹjẹrẹ ọmú yẹn ló ti rìn dé ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́, tó ń darí omi ara, ó sì ń tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran.

"Mi ò ní purọ́ fún yín, ìyá, a ò lè lé e tán," ó wí. "Ṣùgbọ́n a lè gba ojú yín là, kí òùngbẹ yìí sì dẹwọ́ fún yín."

Àwọn dókítà ibẹ̀ fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí omi sá lára, àti èyí tó ń dípò ohun tí ẹṣẹ́ náà ò lè pèsè mọ́. Wọ́n wá fi ìtànṣán jó jẹjẹrẹ inú orí náà. Ẹ̀gbọ́n mi padà sídìí maṣíìnì, wọ́n ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń bú oníbàárà bíi tàtijọ́. Wọ́n tún lò ju ọdún kan lọ láyé. Nígbà tí wọ́n máa lọ, wọ́n rí gbogbo wa tá a yí wọn ká.

Àwọn ará ilé ní kí n dárí ji dókítà Lẹ́kkí yẹn. Jẹjẹrẹ ni mo dárí jì. Kò lójú, kò létí, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ọkùnrin yẹn ní etí méjèèjì. Aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń pa á fún un, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò lè gbọ́ aláìsàn, mi ò kà á kún oníṣègùn mọ́, ibi yòówù kó ti kàwé.