Ohùn Àǹtí Mi Nínú Sinimá

Bí àbúrò màmá mi bá kí ènìyàn lójúde wa ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó wà ní òdìkejì títì náà á dáhùn. Eléré orí ìtàgé ni, kí òmìnira tó dé.

Nígbà tí sinimá tó ṣe dé pápá ilé-ìwé wa, ẹnu rẹ̀ ń mì lára aṣọ funfun, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá àgbà figbe ta: “Ta ló gba ohùn ọmọ mi?”

Àǹtí mi dìde láàárín èrò. “Ìyé, ohùn mi rèé, wọn ò gbé e lọ!” Ló bá ń sọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn bí àwòrán ṣe ń lọ, ti ọkọ, ti ìyàwó, títí kan igbe ewúrẹ́.

Láti ọjọ́ náà, mọ́tò sinimá kì í lọ Ìláwẹ̀ láì kọ́kọ́ yà mú un nílé wa. Ìyá àgbà ló máa ń jókòó níwájú.