Ẹsẹ̀ Ọkùnrin Tó Ń Bọ̀ Wálé

Obìnrin kan wà tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè ní Etí-Ehoro. Bí wọ́n bá ń ṣeré lórí ìtàgé, òun ló máa ń wà lẹ́yìn kọ́tìnì tí yóò máa mú kí nǹkan dún: òjò, ilẹ̀kùn, ẹṣin, àwo tó fọ́, ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣíná. Àwọn èèyàn á gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán, wọn ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan ṣe é. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn," ló máa ń wí. "Bí wọ́n bá ti ń bèèrè pé ta ló ṣe òjò, òjò náà ò dáa."

Láti kékeré ló ti ń fi etí wá nǹkan kiri. Yàrá iwájú ilé wọn ni bàbá rẹ̀ ti ń tún aago ṣe. Ọmọ mìíràn ì bá tú aago wò. Tirẹ̀ ni pé kó gbé e sétí. Ó ní aago tó fẹ́ kú máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí, etí ló fi ń jẹun." Ìbéèrè rẹ̀ ò sì lópin. Kí ló dé tí omi gbígbóná fi ń dún yàtọ̀ sí omi tútù bí wọ́n bá ń dà á sínú ife? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń dún yàtọ̀.

Nígbà tó dàgbà, ó ríṣẹ́ sí ilé ìtajà bàtà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó bọ́ ọ, ó mú òmíràn, kò sì wo dígí rárá. Ó kàn ń rìn lọ rìn bọ̀, ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó rí kòkòrò.

"Ọ̀gá, ṣé ó ń fún yín lẹ́sẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ìwọ tẹ́tí sí i. Bàtà ọlọ́pàá ni mò ń wá, àmọ́ èyí ń dún bíi ti ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó."

Ẹ̀rín pa á. Kò tíì pàdé ẹni tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì jọ tú ilé ìtajà náà títí wọ́n fi rí bàtà kan tí ìdí rẹ̀ le. Bó ṣe ń dì í fún un, ó bi í pé kí ni ọlọ́pàá náà fẹ́ ṣe.

"Wá wò ó fúnra rẹ," ni ọkùnrin náà wí. Olùdarí eré ni.

Ó lọ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó tún lọ lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Kí ọdún tó parí, ó ti kúrò nídìí bàtà títà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àkọ́bí ilé wọn, ò gbà rárá. "Iṣẹ́ wo nìyẹn? Ariwo? Àwọn ẹlòmíì, ariwo ló ń lé wọn kúrò níbi iṣẹ́. Ìwọ fiṣẹ́ sílẹ̀, o ń wá ariwo lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n lọ wò ó ná."

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ níbẹ̀ ni ọ̀nà tí àwọn tó kù gbà débẹ̀, ó sì ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùdarí ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí. Ó ní ibi tí òun ti ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ya wọ kíláàsì bí omi ni òun ti rí i pé òun fẹ́ràn kí òun sọ ibi tí èèyàn máa dúró sí ju kí òun sọ ohun tí méjì àti méjì jẹ́ lọ. Aránṣọ wọn, yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ló ń rán tẹ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. "Ó sú mi," ló wí. "Mo fẹ́ rán aṣọ fún olè. Mo fẹ́ rán aṣọ fún ọba tí ìyà ń jẹ." Káfíńtà wọn ti kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù títí, kó tó di ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò lọ síbì kankan.

Ṣùgbọ́n ti oníná ló dùn ún gbọ́ jù.

"Ilé ìwòsàn ni mo wà," ni oníná wí, "èmi ni mò ń tọ́jú iná ibẹ̀. Ẹnì kan wá pè mí lórí fóònù pé iná tíátà ti bàjẹ́, kí n máa sáré bọ̀. Mo sáré dé tíátà tiwa, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo fọwọ́ dé ìgúnpá, mo wọ ìbòmú. Dókítà ń wò mí, èmi náà ń wo dókítà, aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń wo àwa méjèèjì. Iná ń tàn rokoṣo lórí wa."

"Yé! Tíátà ibí ni wọ́n ń sọ!"

"Ibí mà ni o. Nígbà tí mo wá tún un ṣe tán, wọ́n ní kí n jókòó, kí n wo bí eré ṣe máa parí. Àbúrò, mi ò tíì rí ìparí ẹ̀ dòní. Bí ọ̀kan bá ti ń parí, òmíì á ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Etí-Ehoro ti wà lọ́dọ̀ wọn kí olùdarí tó gbé eré kan dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí ọ̀nà jíjìn, kò sì padà bọ̀rọ̀. Ìyàwó darúgbó, ojú rẹ̀ fọ́. Ní ìparí eré, ó dá jókòó, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, a sì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ níta. Ọkọ ni.

"Mo fẹ́ kí ìyàwó mọ̀ ọ́n kó tó la ẹnu," ni olùdarí wí. "Kì í sì í ṣe òun nìkan o. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbí, inú wọn gbọ́dọ̀ ti sọ fún wọn kí ọkùnrin náà tó yọjú."

"Ọ̀gá, ọ̀dọ́ ló lọ, àgbàlagbà ló ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè dún bákan náà mọ́."

"Òótọ́ ni."

"Kí ló wá kù nínú ẹsẹ̀ náà tí a máa fi mọ̀ ọ́n?"

"Ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi wá nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò ro nǹkan mìíràn mọ́. Ó to pákó sílẹ̀, ó ki bàtà bọ ọwọ́ méjèèjì, ó ń fi ọwọ́ rìn lórí pákó, àwọn yòókù á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á máa gbọ́. Ó kọ́kọ́ rìn jẹ́jẹ́. Oníná ní ó jọ ẹni tó fẹ́ wá ka mítà. Etí-Ehoro wá mú kí ọkùnrin náà máa tiro díẹ̀, láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí dé ìgbà ogbó. Aránṣọ yíjú padà. "Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀? Ní báyìí ẹsẹ̀ ẹ̀ ni mò ń rò, mi ò rántí ìyàwó ẹ̀ mọ́."

Ó lọ sí ibùdókọ̀, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó dijú, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹnì kan rò pé ó sùn ni, ó jí i pé ọkọ̀ ti fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́, ó tún dijú. Nígbà tó lajú, tó rí obìnrin kan tó gbórí sókè kí ẹni tó ń dúró dè tó yọ, ó súnmọ́ ọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé òun ni?"

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Mo kàn mọ̀ ni."

Mo kàn mọ̀ ni! Gbogbo ẹni tó bi ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn kan náà ni.

Níjọ́ kan tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnnì, ìyá ń nu àwo, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ró níta. Ìyá ò bojú wẹ̀yìn. "Bàbá yín ti dé," ló wí.

Etí-Ehoro náà ti gbọ́ ọ, ó sì ti mọ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń kàn mọ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀ kíá.

"Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ẹsẹ̀ wọn nù un."

"Kí ni nínú ẹsẹ̀ wọn? Ẹ rò ó dáadáa."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀." Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá dúró lórí àwo. "Kì í tiẹ̀ í ṣe ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń dúró ni. Látìgbà tí mo ti wọlé wọn, tí wọ́n bá dé ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n á kọ́kọ́ dúró ná, bí ẹni tí ò dá a lójú pé ilé òun nìyí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa wá nu ẹsẹ̀. Ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí ló dé tí òsì fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ọmọ rere, bi wọ́n."

Bàbá wọlé. Ó bi í. Bàbá wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. "Ta ló ń nu ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀mejì?"

Kò mọ̀. Láti ọdún gbọgbọrọ wọ̀nyí, kò mọ̀. Ó ní irọ́ ni, ó jáde padà kó lọ gbọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó tún ń bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbagidi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, ó nu ọ̀tún, ó nu òsì, ó rò ó, ó tún nu ọ̀tún. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo sílẹ̀. "O ti bà á jẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀," ló wí.

"Bàámi," ni Etí-Ehoro wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, "ẹ fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kí lẹ máa ń dúró ṣe lẹ́nu ọ̀nà?"

Bàbá fa àga kan, ó jókòó. "Mo máa ń gbọ́ ohùn yín nínú ilé," ló wí. "Tí mo bá ti wọlé, gbogbo yín máa ń yí ohùn padà, ẹ máa ń kí mi, ẹ máa ń wá àga. Mo fẹ́ràn kí n kọ́kọ́ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń dún tí mi ò bá sí níbẹ̀."

Ìyá ò mọ èyí rí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó na ìka sí bàbá. "Wàá gbọ́! Èmi ń pariwo pé mi ò mọ ibi tó o ti rí etí."

Bó ṣe padà síbi iṣẹ́, ó ní kí káfíńtà fi pẹpẹ kékeré kan síwájú ilẹ̀kùn, kó tẹ́ ẹní sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí ọkọ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yára bọ̀, á dúró, á nu ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀mejì, á wọlé. Ìgbà mélòó kan nìyẹn nínú eré, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ìparí, ẹsẹ̀ yóò wúwo, yóò máa wọ́, kò ní jọ tàkọ́kọ́ rárá, àyàfi nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é fún wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí i bí ìṣe wọn. Aránṣọ ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Ọjọ́ tí èrò wá, gbọ̀ngàn kún. Lẹ́yìn kọ́tìnì, Etí-Ehoro kúnlẹ̀, bàtà lọ́wọ́. Ó mú ọkùnrin náà rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró. Ó wá ń gbọ́ gbọ̀ngàn náà: àga kan dún, ẹnì kan wúkọ́, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó dá a dúró ju bí wọ́n ṣe fi kọ́ra lọ. Oníná ń wò ó láti òkè, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é. Ó nu ọ̀tún. Ó nu òsì lẹ́ẹ̀kan.

Kó tó nu ẹ̀ẹ̀kejì, ohùn obìnrin kan ta láàárín èrò: "Yéè, ó ti dé!"

Ariwo kékeré sọ káàkiri gbọ̀ngàn. Òṣèré tó ń ṣe ìyàwó ní láti dúró kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

Nígbà tí eré parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí, wá sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó wo pákó, ó wo ẹní, ó wo bàtà.

"Bàámi ni mo gbọ́," ló wí.

"Àwọn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàtà lásán náà nìyí?" Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ńlá tó wọ̀, ó dán an wò. Ó dún bíi màlúù tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó tún dán an wò.

Ẹgbẹ́ náà ò wà pa pọ̀ títí. Àwọn kan láti ìlú mìíràn pe olùdarí, ó sì mú aránṣọ dání. Ẹ̀yìn káfíńtà ò jẹ́ kó lè máa gbé igi mọ́, ó wá ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ rédíò kan pe Etí-Ehoro, ó lọ, kò pẹ́ tó fi padà. Ó ní inú ẹ̀rọ ni òjò tiwọn wà, òjò kan ṣoṣo náà ló ń rọ̀ fún gbogbo ìtàn, ìbáà jẹ́ níbi ìsìnkú tàbí níbi àjọyọ̀.

Òun àti oníná ló kù nílé eré náà, pẹ̀lú olùdarí tuntun, ọmọbìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí. Etí-Ehoro ti bi í bó ṣe kúrò ní báńkì, wọ́n sì ti jọ rẹ́rìn-ín lé e. Eré tí wọ́n ń múra rẹ̀ báyìí, inú ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùdarí fẹ́ kí èèyàn gbọ́ pé ilé náà ṣófo.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò Etí-Ehoro kan kó lọ sílé tuntun. Gbogbo ẹbí ló wá ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń gbé àpótí, wọ́n ń gbé àga. Etí-Ehoro nìkan ló dúró láàárín pálọ̀ ilé àtijọ́ tí wọ́n ti kó tán. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ etí, ó sì rìn wọ yàrá tó kàn.