Ó Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Ṣí Àpòòwé

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ìfura loògùn àgbà. Èmi ò tíì dàgbà rárá tí mo ti ń lo oògùn náà, mo sì lò ó kọjá bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Bí oníbàárà bá gbé rédíò wá pé ṣe ló kàn dákẹ́ lójijì, mi ò ní gbà á gbọ́. Màá kọ́kọ́ gbóòórùn rédíò náà wò bóyá ẹnì kan ti da omi sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi náà ni. Ohun tó bà mí jẹ́ gan-an nìyẹn, torí kò sí ọjọ́ tí ìfura mi jáde tí kò rí nǹkan he.

Ìlobù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mò ń gbé. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi, tíṣà ni. Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa lè rò pé ìlú méjèèjì jìnnà síra. Wọn ò jìnnà, ẹni tó bá fẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà láàárín wọn, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti ìyàwó mi. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1990, ọ̀rọ̀ náà tún ń rú èéfín. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mi ò fẹsẹ̀ tẹ Ìfọ́n mọ́. Bí ìyàwó mi bá ní òun fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn òun, màá bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe, ta ló fẹ́ rí, kí ni wọ́n máa bi í nípa wa. Nígbà tó yá, kò bèèrè mọ́. Mo rò pé ó ti gbọ́n ni.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, tẹlifíṣọ̀n fẹ́ fi ètò àmì-ẹ̀yẹ àwọn akọrin ẹ̀mí hàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Nínú àwọn ẹgbẹ́ akọrin tuntun tó ń du àmì-ẹ̀yẹ, ọ̀kan wá láti Ìlobù, ọ̀kan láti Ìfọ́n, òmíràn láti Ẹ̀rìn. Ẹ̀rìn ò jọ wá lójú lọ́jọ́ náà. Pálọ̀ mi kún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sórí àga tó dáa jù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ aládùúgbò wa, jókòó tì í, àwọn yòókù sì dúró lójú fèrèsé. Ìyàwó mi wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

Ẹgbẹ́ Ìlobù kọ́kọ́ jáde. Wọ́n wọ funfun báláú. Nígbà tí orin dé òkè, ohùn obìnrin kan há. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní, “Maikirofóònù wọn ni kò dáa,” ó wá yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ.

Mo ní, “Maikirofóònù ni, sà.”

Irọ́ ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn obìnrin náà ló há.

Ẹgbẹ́ Ìfọ́n tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé fìlà ló ṣíwájú wọn. Ó di ojú, ó ń mi orí, ó ń kọrin. Tẹlifíṣọ̀n mi kò ní àwọ̀, nítorí náà fìlà náà dúdú lójú wa. Ara mi ti balẹ̀ báyìí, mo lè sọ òótọ́: ohùn ọmọ náà dùn. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, inú ń bí mi pé ó dùn. Mo ní, “Ẹ wo bó ṣe ń ya ẹnu. Ṣé ọmọ yìí ò ní ẹnì kan nílé tó lè sọ fún un pé kò mọ orin kọ ni?”

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí ìró nu ojú. Inú mi dùn, mo tún un sọ. Ìyàwó mi gbé àwo ẹ̀gúsí, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó lọ wo ọbẹ̀ ni.

Àwọn adájọ́ la wá ń wò. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n. “Ẹ wo ọkùnrin tó fi awò sójú yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti mi orí sí àwọn ará Ìfọ́n. Ta ló mọ ilé ìyá rẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Ó dá mi lójú.”

Kò rí ọkùnrin náà rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo wa mi orí, títí kan èmi.

Olóòtú gba àpòòwé tí orúkọ ẹni tó borí wà nínú rẹ̀. Ó ń fi èékánná wá etí àpòòwé náà. Bí etí rẹ̀ ṣe ń ṣí báyìí, iná lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ariwo ṣe máa ń rí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n máa sọ ọ́. Mo sáré wọ yàrá, mo gbé bátìrì mọ́tò tí mo fi pamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti ń wá ojú wáyà, ìyàwó mi yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹgbẹ́ Ìfọ́n ni wọ́n pè.”

Mo so wáyà pupa, mo so dúdú. Àwòrán là wá díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ Ìfọ́n ló sì wà lórí pèpéle. Ọmọ onífìlà náà fi àmì-ẹ̀yẹ mọ́ àyà, ó ń sunkún.

Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ìyàwó mi ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyàwó wa, báwo lo ṣe mọ̀?”

Ó kúnlẹ̀. “Mo kàn sọ ọ́ ni, mà.”

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dìde, ó ní, “Wọ́n ti pín in kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ fún ara wọn nílé.” Ó kí mi pé ó dàbọ̀, kò kí ìyàwó mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi: “Obìnrin tó mọ èyí, kí ni kò lè máa sọ fún wọn nípa wa?” Nígbà tí ìyàwó mi wà ní balùwẹ̀, mo tú báàgì rẹ̀. Mo rí káàdì ìwọlé kan nínú ìwé orin rẹ̀, tí òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tó sọ fún mi pé àwọn tíṣà ń ṣe ìpàdé ní Òṣogbo. Ọkùnrin ni mo fojú inú rí nínú káàdì náà. Mo tiẹ̀ ti fi awò adájọ́ yẹn sí i lójú.

Mo gbé ìbínú náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tó ń wa mọ́tò fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá wo ẹ̀rọ fídíò rẹ̀ tí mò ń tún ṣe. Mo dọ́gbọ́n bi í pé ta ló máa ń sọ èsì irú ètò bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn ṣáájú.

Ó wò mí. “Ọ̀gá, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí a ti gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wò ó. Gbogbo ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ló mọ̀.” Ó nawọ́ sí tábìlì mi, níbi tí fídíò márùn-ún ti ya inú sílẹ̀. “Ẹ̀yin náà!”

Ojú tì mí. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń tún ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán àná ṣe, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé àná la wò. Ọkùnrin aláwò ojú parẹ́ lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ìpàdé ṣì wà ńlẹ̀, òun ni mo gbé lọ sílé.

Ìyàwó mi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Mo fi káàdì náà lé orí ìwé tó wà níwájú rẹ̀. “Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?”

Ó wò ó, kò fò. “Mo lọ wo àbúrò mi.”

“Àbúrò rẹ wo?”

“Èyí tó dé fìlà.”

Mo jókòó. Ọmọ kékeré kan ló gbé àpótí rẹ̀ wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Ọdún kejì ni ìyá wọn kú. Mi ò lọ síbi ìsìnkú náà, mo ní ọ̀nà ò dáa. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe wá mọ̀, ìyàwó mi ló ń gé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ yẹn, ó ń fi rán tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí i ní Ìfọ́n. Ọdún kẹjọ rèé tí mo rí i gbẹ̀yìn, àna mi wọ ilé mi lójú tẹlifíṣọ̀n, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní, “Ẹ bèèrè bóyá kò ní ẹnì kan nílé. Ó ní. Èmi ni.”

Ẹyin lohùn. Mo rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n lọ?”

Mo mú káàdì náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní, “Lọ́jọ́ Àìkú, màá bá ọ lọ sí Ìfọ́n. Mo fẹ́ kí i kú oríire.”

Bíró rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè wò mí, ó wò mí pẹ́. Mo mọ ìwò náà dáadáa, torí tèmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń wo rédíò kí n tó gbóòórùn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì bi mí pé:

“Bàbá Ìbejì, ta ló rán yín?”