Ọ̀sán Tí Ìyá Olóyè Jókòó Lórí Ẹní Wa

Bí mo bá gbóòórùn kánfọ̀ lára aṣọ, ọ̀sán kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo máa ń rántí. Ọmọ olóyè fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àdúgbò sì ń sọ pé ilé rẹ̀ ò ní gbà. Ni mọ́tò wọn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá olóyè fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń run kánfọ̀. Ìyá mi gbé àga fún un, ṣùgbọ́n màmá náà jókòó tì wá lórí ẹní.

"Ìyàwó wa dà?" ló wí.

Ìyá mi bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹrú tí ilé olóyè rà ni bàbá bàbá ìyá mi. Nígbà tí àlejò lọ, ìyá mi tí kì í sùn lọ́sàn-án nà gbalaja, ó sùn fọnfọn.