Ṣòkòtò Tí Kò Dé Kókósẹ̀

Òórùn káńfọ̀ àti ti aṣọ tó ti pẹ́ nínú àpò ló máa ń kí ènìyàn káàbọ̀ ní ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta òkìríkà ní Ìláròó. Ìsọ̀ náà kò tóbi ju yàrá kan lọ, páànù orí rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí o bá dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀wù rẹ á ti lẹ̀ mọ́ ọ lẹ́yìn. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń lo gbogbo ọ̀sán Sátidé mi. Ìwọ náà mọ̀ mí nígbà yẹn. Owó tí mo ń rí nídìí kọ̀ǹpútà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kò tó nǹkan, àmọ́ fáàrí mi tó ti ọmọ gómìnà.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ló kó oge àwọn ọmọ olówó ilẹ̀ òyìnbó sí mi lórí. Ó máa ń fi àwòrán wọn hàn mí lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń múra nígbà tí oòrùn bá mú lọ́dọ̀ wọn: ẹ̀wù pólò aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n kì bọ inú ṣòkòtò, bẹ́líìtì aláṣọ híhun, ṣòkòtò aláwọ̀ iyanrìn, bàtà aláwọ tí kò ní okùn, tí wọ́n sì wọ̀ láìsí ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n á tún wá so apá súwẹ́tà mọ́ ọrùn láìwọ̀ ọ́. “Kókósẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, mùsíyè,” ni ó máa ń wí. Bó ṣe ń pe gbogbo oníbàárà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti ń ná ọjà Kùtọnú. “Bí kókósẹ̀ ò bá hàn, o ò tíì múra.” Mo gbà á gbọ́, mo sì ra gbogbo irú aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ṣòkòtò náà lọ sọ́dọ̀ télọ̀, mo ní kó gé e ní ìka mẹ́ta lókè kókósẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni télọ̀ bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo sì jágbe mọ́ ọn. Bí mo bá rántí ìjágbe yẹn báyìí, ojú a máa tì mí.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ń múra kò kéré. Ọdún méjì ni èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti ń bára wa bọ̀, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé òun ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan àfi bí òun bá kọ́kọ́ fojú ara òun rí mi nílé wọn ní Òkè-Ọ̀dàn. Bí mo bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí àwọn ènìyàn mi máa bọ̀. Bí n kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó parí. Oníṣòwò gàrí àti àgbàdo ni bàbá náà, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Mùsùlùmí ni èmi náà, àmọ́ Mùsùlùmí ọdún Iléyá ni mí. Láti kékeré ni mo ti sá nílé kéú. Àfẹ́sọ́nà mi kìlọ̀ fún mi pé, “Múra dáadáa, àmọ́ má ṣàṣejù.” Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo gbọ́.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi bí mo ṣe sọ̀ lórí ọ̀kadà, tí eruku pupa bo bàtà mi. Ó wo súwẹ́tà tó wà lọ́rùn mi nínú ooru yẹn. “Ọmọ mi, ṣé ibà ni?”

“Rárá, mà.”

“Kí ló dé tí o wá gbé aṣọ òtútù kọ́rùn?” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ sí ìdí iná. Inú bí mi, mo sì gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ni bàbá jáde. Mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo dìde, ojú rẹ̀ kò sí lójú mi, ẹsẹ̀ mi ni ó ń wò. Ó wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Alihamudulilahi,” ni ó wí. “Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí a máa wọ́ ṣòkòtò nílẹ̀ tuuru. Ìwọ gé tìrẹ bí súnnà ṣe wí.”

O mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn olùfọkànsìn, ṣòkòtò tí kò dé kókósẹ̀ jẹ́ àmì ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlànà Ànábì. Mo la ẹnu láti sọ pé, “Bàbá, fáàrí lásán ni.” Àfẹ́sọ́nà mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó mọ òótọ́, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo ti ń bẹ̀rù fún ọdún méjì ló ń rẹ́rìn-ín sí mi yìí. Mo ní, “A dúpẹ́, sà.” Ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá wo àna wọn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ìyìn sì ń gorí ìyìn. Kí a tó jẹun tán, mo ti di àlùfáà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi yàtọ̀: ẹnu tí mo mú ló dá tèmi sílẹ̀.

Nígbà tí àkókò ìrun Mọ̀gàríbì tó, àwọn ọkùnrin ilé tò sórí ẹní. Ẹ̀yìn ni mo ń wá lọ. Bàbá di ọwọ́ mi mú. “Àlejò tó bá nímọ̀ ló ń ṣíwájú ìrun nílé wa.” Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, ìyẹn tún wá dùn mọ́ ọn jù. Ni mo bá bọ́ síwájú.

Mo ka Fátíhà já. Sùúrà tó tẹ̀ lé e ni mo dà rú. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, mo já sí ààrin òmíràn. Mo dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá rán mi létí láti ẹ̀yìn, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀, mo tún sọ ọ́ nù. Ó tún rán mi létí. Nígbà kẹta, kò dúró dè mí mọ́. Ohùn rẹ̀ gòkè lẹ́yìn mi, ó kà á parí bó ṣe yẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe sálámà.

Kò sí ẹni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Bàbá ní kí àwọn yòókù máa wọlé, ó ku àwa méjèèjì lórí ẹní. “Mi ò bínú pé o ò mọ̀ ọ́n kà,” ni ó wí. “Ohun tó dùn mí ni pé o mọ̀ pé o ò mọ̀ ọ́n, o sì bọ́ síwájú wa.” Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yìn ni kí o dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Ẹ̀yìn nìkan ni etí mi gbọ́.

Mo bínú sí gbogbo ayé. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ìsọ̀ rẹ̀, mo ní òun àti kókósẹ̀ rẹ̀ ló kó bá mi. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé èmi náà ni mo ní kí o dákẹ́ ni?” Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ pé, mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo jókòó sínú yàrá mi. Ọjọ́ kejì ni àfẹ́sọ́nà mi pè. “Bàbá bu omi àlùwàlá sínú búútà dè ọ́ lánàá,” ni ó wí. “Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó títí ìrun fi parí.” Ó pa fóònù. Mo ní n ó lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà mo ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dúró dáadáa, tíṣà kan láti Ìpókíá ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé náà fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Títí dòní, bí mo bá sọ ìtàn yìí níbi tí àwọn ọkùnrin bá jókòó sí, wọn a máa rẹ́rìn-ín pé ṣòkòtò gba ìyàwó lọ́wọ́ mi, èmi náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Mo ṣì ń wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọkùnrin yẹn ti dárí jì mí kí n tó kúrò lórí ẹní. Èmi ni mo lọ jókòó sínú yàrá, tí mo ń retí kó wá bẹ̀ mí.